Ọwọ́ Tí N Kò Fi Tẹ Àyà Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òkun o, bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àyè jókòó díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì wúwo. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi rẹ́rìn-ín lórí ìkànnì yìí, ẹ má bínú, ẹ̀rín inú rẹ̀ kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó mi ni. Màmá ti lọ, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe lọ gan-an, àti ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà, díẹ̀ ni àwọn tí mo tíì sọ ọ́ fún.

Ìgbà yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wá kúrò lára Kwárà ni, wọ́n dá Kògí sílẹ̀. Nọ́ńbà Kwárà ṣì wà lára ọ̀pọ̀ mọ́tò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ẹrù lọ sí Lọ́kọ́ja, wọ́n ń wá ilé tí wọn kò rí. Èmi wà ní Kàbà ní tèmi, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti Arebíkì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé-kéwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé tí mọ́ṣáláṣí dá sílẹ̀ ló sọ mí di tíṣà. Alihamudulilahi.

Mo tún wà nínú ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ mọ́ṣáláṣí wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀: aṣọ kàkí, fìlà bẹ́rẹ̀ẹ́tì, fèrè lọ́rùn, àpótí kékeré tí òwú àti áyódìn wà nínú rẹ̀. Bí èrò bá pọ̀ ní Yídì, àwa la máa ń tò wọ́n. Bí oòrùn bá mú ẹnì kan tó dákú, àwa la máa gbé e sábẹ́ igi. Áà, mo fẹ́ràn aṣọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ!

Mállàm Yáyà ló kọ́ wa. Kàdúná ni òun náà ti lọ kọ́ ọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó ní bí ẹnì kan bá ṣubú lulẹ̀ tí kò mí mọ́, ẹnu ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Kí a tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn, kí a di imú rẹ̀, kí a fi ẹnu wa bo ẹnu rẹ̀, kí a fẹ́ atẹ́gùn wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí a tó gbé ọwọ́ lé àyà, kí a máa tẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan nínú wa béèrè pé ṣé ènìyàn ò lè kọ́kọ́ tẹ àyà ni. Mállàm rẹ́rìn-ín. Ó ní páǹpù ni àyà jẹ́. Bí omi kò bá sí nínú kànga, kí lo fẹ́ fà jáde? Ẹ̀jẹ̀ tí kò sí atẹ́gùn nínú rẹ̀, níbo lo fẹ́ tì í lọ?

Bẹ́ẹ̀ la há a sórí bí ẹni ń há súrà. Ẹnu kọ́kọ́, àyà tẹ̀lé e. Ẹnu kọ́kọ́, àyà tẹ̀lé e. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni Mállàm pa o. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nígbà náà nìyẹn, títí dé òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ sí Ògìdì, ọ̀dọ̀ Màmá.

Kìrìsìtẹ́nì ni Màmá, kì í sì í fi ìjọ rẹ̀ ṣeré. Mùsùlùmí ni mí, ó sì fún mi ní ọmọ rẹ̀, Dúpẹ́, láìjanpata. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa: bí Kérésìmesì bá dé, a ó jẹ tiwọn, bí Iléyá bá dé, wọn ó jẹ tiwa. Aṣọ ni Màmá ń hun, lórí òfì àwọn obìnrin yẹn tí wọ́n ń gbé dúró ti ògiri. Yóò jókòó sí iwájú rẹ̀ lórí àpótí pẹlẹbẹ, yóò máa hun, yóò máa sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sinmi.

Ṣùgbọ́n àna ni àna. Bí mo bá dé, n ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. A kì í bọ ara wa lọ́wọ́. N kì í jẹun lójú rẹ̀. Bí a bá pàdé ní ọ̀nà tóóró, inú koríko ni n ó bọ́ sí kí ó lè kọjá. Òun náà, bó ti dàgbà tó, "ẹ" ló ń pè mí.

Síbẹ̀, Màmá fẹ́ràn àwàdà! Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí mi nínú kàkí, ńṣe ló fi òfì sílẹ̀.

"Àna mi, ṣé ogun ti dé Kàbà ni, àbí ẹ wá mú wa?"

Mo ní rárá, Màmá, a máa ń gba ẹ̀mí àwọn tó bá dákú là ni. Ó ní báwo la ṣe ń gbà á là? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Nígbà tí mo dé ibi ẹnu, wúyẹ́wúyẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Dúpẹ́ ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹnu! Ẹnu ta ni, lẹ́nu ta ni?" Ó wá kọjú sí Ìyá Rèbékà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ o! Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ṣubú níwájú àna mi, ẹ jẹ́ kí n máa bá tèmi lọ o! N ò ní jí, kí n wá máa wá ibi tí n ó fi ojú mi sí!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ta ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn kò lọ, pé etí Ìyá Rèbékà ló wọ̀, tó jókòó síbẹ̀ tó ń dúró?

Ọjọ́ náà gan-an, Sátidé ni, nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Láti ibi dírílì ẹgbẹ́ wa ni mo ti mú Dúpẹ́ àti ọmọ wa, a wọ mọ́tò Ògìdì, n kò tilẹ̀ bọ́ kàkí. Màmá ń hun òjá tí Dúpẹ́ máa fi pọn ọmọ náà, aró àti funfun. Dúpẹ́ gbé òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró lọ sí odò láti lọ fọ̀ ọ́, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ku Màmá nídìí òfì, Ìyá Rèbékà tó ń rànwú, àti èmi tí mo jókòó jìnnà díẹ̀ bí ó ti yẹ kí àna jókòó.

Màmá ń sọ̀rọ̀ lórí ìpínlẹ̀ tuntun. Ó ní Lọ́kọ́ja sún mọ́ wa ju Ìlọrin lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n á wá rántí...

Kò parí rẹ̀. Orí rẹ̀ kàn lọ fara ti òwú tó wà lórí òfì, bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí òwú ń sọ. Lẹ́yìn náà ló rọra yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Mo fò débẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Mo gbé etí sí imú rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Mo fi ìka wá ìlùkìkì lọ́rùn rẹ̀, kò sí. Gbogbo ohun tí Mállàm kọ́ mi tò wá sórí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Mo tẹ orí rẹ̀ sẹ́yìn. Mo di imú rẹ̀. Mo ń sún ẹnu mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ni Ìyá Rèbékà bá ké! "Àna! Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Mo ní Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kò mí mọ́. Ó ti di apá mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ lágbára! Ó ní láéláé, kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun, pé ṣé n kò gbọ́ ohun tí Màmá fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ yẹn ni? Ó ní ṣé mo fẹ́ kí ó jí, kí ó gbọ́ pé ẹnu àna òun ló jí òun?

Àwọn ará ilé ti ń sáré wọlé. Ẹnì kan da omi sí Màmá lójú. Ẹlòmíràn ń fi ìrépé aṣọ fẹ́ ẹ. Ìyá Rèbékà ń pe oríkì rẹ̀ mọ́ ọn létí: "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ o! Gbọ́ mi o, má lọ, èmi ni mo ń pè ọ́!"

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní bí kò bá ṣeé ṣe fún mi, kí obìnrin kan nínú wọn ṣe é, n ó sọ bí yóò ṣe ṣe é. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ wa. Mo kọjú sí Ìyá Rèbékà fúnra rẹ̀. Ó ní òun kẹ̀? Kí òun fi ẹnu bo ẹnu àbúrò òun tó ń kú lọ, kí wọ́n wá sọ pé òun ló fa èémí rẹ̀ mu? Ó ní ọmọ rẹ̀ nìkan ló lè ṣe irú ìyẹn. Kí wọ́n lọ pe Dúpẹ́!

Wọ́n sáré gba ọ̀nà odò lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti bá mi dúró díẹ̀.

Ìyá Rèbékà bọ́ gèlè orí rẹ̀. Ó fi bo àyà àbúrò rẹ̀ dáadáa. Ó wo ojú mi, ó ní, "Àna, bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni, ẹ fi ọwọ́ ṣe é. Ọwọ́ kò burú. Ẹnu nìkan ni mi ò gbà."

Kí ni mo wí? Mo ní Ìyá, ọwọ́ lásán kò wúlò. Mo ní bí a kò bá tíì fẹ́ atẹ́gùn wọlé, asán ni títẹ̀. Mo fi ohùn olùkọ́ sọ ọ́. Mo wọ kàkí o!

Mo wá kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé orí gèlè náà, ní àárín àyà rẹ̀ gan-an, bí Mállàm ti fi hàn wá. Mo ti múra sílẹ̀. Mò ń dúró de ẹnu.

Kúkúrú ni ọ̀nà odò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó gùn lọ́jọ́ yẹn!

Dúpẹ́ sáré dé, ẹnì kan ti gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, aró ṣì ń kán láti ọwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti orí Màmá. Mo ní fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ìyá rẹ̀ mú, ó ń fẹ́, èmi náà sì wá ń tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. A ṣe é títí aládùúgbò kan fi gbé mọ́tò pijó rẹ̀ dé. A ṣe é nínú mọ́tò títí dé ọsibítù ní Kàbà.

Dókítà wò ó. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Ó ní a gbìyànjú, Ọlọ́run ni kò gbà. Ó bo Màmá lójú.

Nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ fẹ́ wẹ̀ ẹ́, àwọ̀ aró ti dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá méjèèjì. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín, pẹ̀lú àmì ìka ọmọ rẹ̀ lójú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ní Ìyá Rèbékà ló pa àbúrò rẹ̀, pé bí ó bá jẹ́ kí àna fẹ́ ẹ, ì bá jí. Ìyá kò bá wọn jà. Ìgbàkígbà tí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i, yóò ní, "Àna mi, èmi ni mo dí yín lẹ́nu." Mo máa ń ní kí ó má sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo gbà pẹ̀lú wọn.

Dúpẹ́ ní tirẹ̀, odò ló dì mú. Ó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n dúró sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun kò bá dúró sọ̀rọ̀ ni, èémí òun ì bá bá Màmá láyé. Kò pa òwú láró mọ́. Kò fọwọ́ kan òfì mọ́. Bí a bá lọ sí Ògìdì, kì í gba ọ̀nà odò yẹn. Mo sọ títí, mo gbàdúrà títí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tù ú nínú, nígbà tí èmi náà gbà pé èémí ni kò tètè dé?

Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá Rèbékà náà kú, a sin ín. Mállàm Yáyà kú. Irun mi funfun. Kàkí mi há mi nínú, mo fi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n kó àwa olùkọ́ jọ ní Kàbà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrànwọ́ ojú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló wá, ọmọbìnrin tí mo lè bí. Ó gbé ọmọláńgidi rọ́bà kan sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo nawọ́ sókè. Mo ní ọmọ mi, o gbàgbé nǹkan kan, o kò tíì fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu.

Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi pariwo. "Ọ̀gá Aṣèrànwọ́ ti dé o! Ẹ gbé fèrè fún un!"

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ́ yín nìyẹn lóòótọ́. Ó ti yí padà." Ó ní bí àgbàlagbà bá ṣàdédé ṣubú tí kò mí mọ́, kí a pe ìrànlọ́wọ́, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí àyà náà wọlé dáadáa, kí ọwọ́ yá, láìdúró. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè fi fífẹ́ kún un lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní bí ó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí ẹni tó kó sómi, fífẹ́ ṣì ṣe pàtàkì gan-an. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn kò bá lè fi ẹnu kan ẹnu ẹni náà, fún ìdíkídìí, kí ó má fi ìyẹn dúró. Kí ó máa fi ọwọ́ tẹ̀. Ọwọ́ nìkan náà lè ṣiṣẹ́.

Mo ní ọwọ́ nìkan? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo bi í léèrè ìbéèrè Mállàm. Mo ní bí a kò bá fẹ́ atẹ́gùn wọlé, omi wo ni páǹpù náà fẹ́ fà?

Ó ní, "Bàbá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mí tán ni. Atẹ́gùn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Omi ṣì wà nínú kànga. Ẹni tó máa fà á ni kò sí."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, n kò gbọ́ mọ́. Mò ń wo ọwọ́ mi. Mo rí gèlè Ìyá Rèbékà lábẹ́ wọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: ọwọ́ kò burú, ẹnu nìkan ni mi ò gbà.

Ó ti gbà mí láyè! Ohun tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ́ wa, òun ló ní kí n ṣe lọ́jọ́ yẹn, láìmọ̀. Èmi tí mo kàwé ni mo ní kò wúlò. Ó sì kú, ó gbà pé òun ló pa àbúrò òun.

Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì náà wá bá mi. Mo sọ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ pé Màmá ì bá yè, pé ọ̀pọ̀ tí wọ́n tẹ̀ dáadáa ló ṣì ń lọ. Ó ní ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe. Òótọ́ ni. Ọlọ́hun ló ni ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n kò dín ẹkún náà kù.

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ délé. Bí mo bá sọ fún Dúpẹ́, ṣé kò ní máa wo ọwọ́ mi bí mo bá ń jẹun? Bí n kò bá sọ, yóò gbé odò yẹn lọ sí sàréè. Mo kírun Ìṣáà, mo pẹ́ lórí ẹní. Lẹ́yìn náà mo pè é, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní kì í ṣe èémí rẹ ló pẹ́, Dúpẹ́. Ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀ tí kò tẹ̀.

Ó wá jókòó tì mí lórí ẹní.

Ó ní, "Kì í wá ṣe odò?"

Mo ní kì í ṣe odò.

Ó ní, "Bí mo tilẹ̀ dúró sọ̀rọ̀?"

Mo ní bí o tilẹ̀ dúró sọ̀rọ̀.

Ó sunkún. Mo ti rí ẹkún Dúpẹ́ rí, ti ọjọ́ yẹn kò jọ wọ́n. Nígbà tí ó parí, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó gbé wọn sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa wọn. Ó kàn ní kí a lọ sí Ògìdì, kí a lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Rèbékà láìdáa. A lọ. Mo dúró láàárín ẹbí, mo sọ pé Ìyá gbà mí láyè, èmi ni n kò mọ̀. Àwọn kan bú sẹ́kún. A lọ sí ibojì Ìyá Rèbékà, Dúpẹ́ kúnlẹ̀ kí i, èmi náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí mo ti máa ń ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé ìmọ̀ máa ń yí padà, kì í sì í ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ lọ béèrè. Bí ẹ bá ti kọ́ ìrànwọ́ ojú ẹsẹ̀ rí, ẹ lọ tún un kọ́. Bí ẹnì kan bá ṣubú níwájú yín, tí kò mí mọ́, àna yín ni o, ọ̀gá yín ni o, àlejò tí ẹ kò mọ̀ rí ni o, ẹ ké pe ènìyàn, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé e láyà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má dúró de ẹnu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n kí èmi náà tó lọ.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú yín náà? Kí ni wọ́n kọ́ yín nígbà tiyín, kí lẹ sì ṣe nígbà tí ọjọ́ náà dé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, bó ti wù kó dùn yín tó. Èmi àti Dúpẹ́ la jọ máa kà á.

Òun ló jókòó tì mí báyìí, ní ilé Màmá ní Ògìdì. Ó ti odò dé láìpẹ́, aró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.